Lẹ́yìn Humboldt ní Kúbà: láti Havana dé Trinidad

Ọjọ́ Ajé, Havana

Òru àná la wọ̀lú, òní la tó ríran. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ wá. Òun ló gbọ́ èdè Sípéènì, torí ó ti pẹ́ ní Madrid. Tèmi ni ìwé àti wàhálà. Ìwé tí mo gbé dání ni èyí tí Alexander von Humboldt kọ nípa erékùṣù yìí àti ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ọmọ olówó Berlin ni, wọ́n bí i ní 1769. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú tó fi ogún sílẹ̀ fún un, ó kọ iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe nídìí ìwakùsà sílẹ̀, ó ra ẹ̀rọ ìwọ̀n oríṣiríṣi, ó sì mú Aimé Bonpland lọ́rẹ̀ẹ́, ọmọ Faransé tó mọ ewé bí ẹní mowó. Wọ́n wọkọ̀ ní La Coruña ní 5 Oṣù Kẹfà 1799, ó sì di 1804 kí wọ́n tó padà sí Yúróòpù. Wọ́n já ewé, wọ́n wọn odò, wọ́n wọn òkè. Ní 1802 wọ́n gun Chimborazo, òkè gíga kan ní Andes, títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde ní ètè àti ẹran eyín wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n dé nìyẹn.

Èmi ń wá Kúbà tirẹ̀. Ọkùnrin yìí jẹun lórí tábìlì àwọn olóko ẹrú, ó sùn sílé wọn, ó sì tún kọ̀wé tako òwò wọn. Mo fẹ́ mọ ohun tó rí nígbà tó wà láàrin wọn, àti ohun tí kò rí.

19 Oṣù Kejìlá 1800 ni ọkọ̀ rẹ̀ wọ èbúté Havana. Láti orí omi, ó yin ìlú náà títí: odi tó jókòó lórí àpáta, ọ̀pẹ gàgàrà, ọ̀pá ọkọ̀ tó pọ̀ bí igbó. Ó wọ ìgboro, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹrẹ̀ dé orúnkún. Òórùn tasajo, ẹran tí wọ́n sá tí kò gbẹ dénú, gba inú ilé, ó gba ìta. Ó ní nínú gbogbo ìlú tó wà lábẹ́ Sípéènì níhìn-ín, díẹ̀ ló burú tó Havana lójú nígbà náà, torí kò sí ẹni tó ń bójú tó o.

Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra ka ìyẹn o, kí onílé wa má gbọ́.”

Ẹrẹ̀ ti tán lónìí. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí òpópónà Oficios, ó sì ń ta ooru sókè bí ọ̀sán ti ń pọ́n. Ilé kan wà níbẹ̀, ní ìgun tó kan Muralla, tí wọ́n ń pè ní Casa Humboldt. A wò ó, a ya fọ́tò, a wá ibòji lọ. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ju ilé náà lọ ni ohun tí òun àti Bonpland ṣe ní ìlú yìí. Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì ń jagun lójú òkun nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ tó máa dé. Wọ́n wá pín ewé gbígbẹ tí wọ́n kó láti etí odò Orinoco sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìdá kan gba ìlú Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Jámánì, ìdá kan gba Cádiz lọ sí Faransé, ìdá kan dúró sí Havana. Ọ̀rẹ́ wọn kan, àlùfáà ọmọ ẹgbẹ́ Francis tó ń jẹ́ Juan González, ló bá wọn gbé nínú ẹrù náà. Ọkọ̀ rẹ̀ rì létí òkun Áfíríkà. Òun àti ewé lọ.

Wọ́n pín ewé sí mẹ́ta kó má bàa ṣòfò. Ní èbúté kan náà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti etí òkun tí González kú sí yẹn ń já ènìyàn kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù sì ń kọ iye wọn sílẹ̀. Humboldt fúnra rẹ̀ ló tú ìwé náà wò lẹ́yìn náà: láti 1790 sí 1820, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 225, ní Havana nìkan. Èyí tí wọ́n gbà wọlé lọ́nà ẹ̀rú kò sí nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Regla

Lanchita ni wọ́n ń pe ọkọ̀ tó ń gbé èrò kọjá omi lọ sí Regla. Kò jìnnà rárá. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà kò ní jẹ ẹ́ tán. Ní ilé ìjọsìn tó wà létí omi ni Màríà Dúdú wà, tó gbé Jésù funfun dání, aṣọ búlúù lára rẹ̀. Gbogbo ará ibí ló mọ̀ pé Yemayá ni.

Ìyá àgbà kan jókòó níta pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ búlúù àti funfun lọ́rùn. Nígbà tí àbúrò mi sọ ibi tí a ti wá fún un, ó kọ́kọ́ wò wá láti òkè délẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ. Ó fọwọ́ kan èjìká mi méjèèjì, ó gbé mi dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè da àbúrò mi láàmú: ṣé òótọ́ ni pé odò Ọ̀ṣun wà, ṣé ó tóbi, ṣé ènìyàn lè bọ́ sínú rẹ̀? A wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Mo béèrè nípa ọ̀pẹ tí mo ti ń rí káàkiri, èyí tí ara rẹ̀ funfun tó sì dán bí òpó tí wọ́n kùn, tí orí rẹ̀ ga ju ti gbogbo igi lọ. Palma real. Ó ní ti Changó ni. Ibẹ̀ ló jókòó sí, ìdí nìyẹn tí àrá fi máa ń já lé e.

Ọ̀pẹ yìí wà nínú ohun tí Humboldt àti Bonpland kó nítòsí Havana. Karl Kunth, ọmọ Jámánì tó bá wọn to ewé náà sínú ìwé ní Paris, sọ ọ́ ní Oreodoxa regia ní 1816. Ní 1900, ọmọ Amẹ́ríkà kan yí i padà sí Roystonea, láti fi yẹ́ ọ̀gágun Roy Stone sí, ẹni tó wà nínú ogun tí Amẹ́ríkà fi gba Puerto Rico. Ọ̀pẹ ń jẹ́ orúkọ ọ̀gágun di òní. Àbúrò mi sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni ọ̀gágun ń wá nídìí ọ̀pẹ Changó, ṣé òun náà lè sán àrá ni?

Ó yẹ kí n sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì mí gbọ́: ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa kò tíì dé Kúbà nígbà tí Humboldt ń rìn níbẹ̀. Àwọn kan nínú wa, tí wọ́n ń pè ní Lucumí, ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n dé bí òjò, nígbà tí ogun fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé tí ilẹ̀ Yorùbá sì dà rú. Àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì ní 1817 ti sọ pé kí òwò ẹrú dópin ní 1820. Kò dópin. Ọkọ̀ ẹrú ṣì ń wọ Kúbà ní 1860 àti díẹ̀, wọn ò sì dá ẹrú sílẹ̀ pátá títí di 1886.

Ọjọ́rú, Güines

A bá àwọn èrò mìíràn há mọ́ inú ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan tó dàgbà ju èmi àti àbúrò mi lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ó dé. Àfonífojì Güines tẹ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ rẹ̀ pọ́n, omi sì ń gba inú kòtò kọjá láàrin oko. Ìrèké ló sọ ibí di ọlọ́rọ̀. Nítorí ṣúgà ni wọ́n ṣe la ojú irin láti Havana dé ibí ní 1838, kí Sípéènì fúnra rẹ̀ tó ní ojú irin.

Humboldt wá síhìn-ín gẹ́gẹ́ bí àlejò àwọn olóko. Ọlọ́lá ni wọ́n: ilé O'Reilly, ilé Jaruco. Wọ́n fún un ní yàrá tó lè fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí, wọ́n ṣí ìwé ìṣirò wọn fún un, wọ́n mú un yí oko ká. Bó ti wà láàrin wọn ló gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó kọ sílẹ̀, èmi kò sì mọ ohun tó burú jù ú lọ nínú ìwé náà. Wọ́n ń jiyàn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìgbóná, bí ẹni ń ṣírò owó ajílẹ̀: èwo ló máa mówó wọlé jù, kí olóko má fi iṣẹ́ pa ẹrú kó má bàa máa ra òmíràn léraléra, àbí kó lò ó ní ìlòkulò láàrin ọdún díẹ̀, tó bá kú, kó ra tuntun? Humboldt sọ pé àwọn oko kan wà tí ẹrú 15 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ń kú lọ́dọọdún.

Mo kà á sókè fún àbúrò mi ní abẹ́ igi máńgòrò kan tí a jókòó sí. Kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ó jókòó tì wọ́n, ó ń gbọ́?”

Ó jókòó tì wọ́n. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ kò là ṣáájú. Ìlú tó kọ́kọ́ dé ní Amẹ́ríkà ni Cumaná, ní etí òkun Fẹnẹsúélà, ní 1799, fèrèsé ilé tó gbà sì kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń ta ènìyàn. Ọmọdékùnrin tó wà láàrin ọdún 15 sí 20 ni wọ́n ń kó wá. Láràárọ̀, wọ́n á pín òróró àgbọn fún wọn kí wọ́n fi pa ara, kí awọ wọn lè máa dán. Ẹni tó fẹ́ rà á á fipá la ẹnu wọn, á wo eyín wọn bí ẹni ń ra ẹṣin. Ó kọ ọ́ bó ṣe rí i, ìbínú sì hàn nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ní ọ̀rọ̀ rere kan sọ nípa òwò yìí. Ó pè é ní ibi tó tóbi jù nínú gbogbo ibi tó ti bá ọmọ aráyé.

Ohun tí mo ń bá a jà lé lórí ni pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ oko kò sọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Ó kà wọ́n. Ó kà wọ́n dáadáa, ó sì ka àwọn ọlọ́mìnira dúdú náà mọ́ wọn: ní 1825, ó ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn 715,000 ló wà ní Kúbà, 260,000 nínú wọn jẹ́ ẹrú, 130,000 jẹ́ ọlọ́mìnira aláwọ̀ dúdú tàbí àdàlù. Ó fi hàn àwọn olóko pé àwọn funfun kì í ṣe ìdajì ìlú, kí wọ́n fi Haiti, níbi tí àwọn ẹrú ti dìde gba òmìnira, ṣe àríkọ́gbọ́n. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n olóko sọ̀rọ̀ fún un, olóko ní orúkọ, ẹrú ní iye.

Ọjọ́bọ̀, Batabanó

Irà, ẹ̀fọn, ọkọ̀ apẹja. A kò pẹ́.

Ibí ni Humboldt ti bọ́ sójú omi ní 9 Oṣù Kẹta 1801. Ó ti fẹ́ lọ sí Mẹ́síkò tẹ́lẹ̀, ìròyìn kan ló yí i lọ́kàn padà: wọ́n ní Baudin, ọmọ Faransé tó ṣèlérí láti mú un rìn ká ayé, ti gbéra gba Gúúsù Amẹ́ríkà. Humboldt sáré gba ọkọ̀ kékeré kan láti lọ pàdé rẹ̀. Irọ́ ni ìròyìn náà, ọ̀nà mìíràn ni Baudin gbà. Irọ́ yẹn ló gbé Humboldt dé òkè Andes.

Kó tó lọ, wọ́n bá a mú ọ̀nì wá láti inú irà yìí, ó sì yẹ̀ wọ́n wò láàyè. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọkọ̀, wọ́n dúró ní erékùṣù kékeré kan tí kò sí ènìyàn níbẹ̀, ẹyẹ alcatraz nìkan, àwọn ẹlẹ́nu gígùn tó ní àpò lábẹ́ àgbọ̀n. Àwọn atukọ̀ mú kùmọ̀ àti àdá, wọ́n kọlu ìtẹ́ wọn. Àwọn ọmọ ẹyẹ fi ẹnu jà, àwọn ìyá ń fò lókè, wọ́n ń ké, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti orí igi. Kò sí ẹni tí ebi ń pa. Humboldt kò gbójú kúrò níbẹ̀: ó ní kí wọ́n tó dé, àlàáfíà ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ojú ọ̀nà

Bọ́ọ̀sì. Ìrèké, màlúù, ọ̀pẹ Changó, ìrèké. A gba Cienfuegos kọjá, níbi tí omi òkun ti ya wọ ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Jagua. Ní gúúsù ibẹ̀, Humboldt kọ ọ́ pé omi dídùn ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi léwu fún ọkọ̀ kékeré, àwọn atukọ̀ sì máa ń lọ pọn ọ́n mu. Mo fẹ́ kí awakọ̀ dúró kí a wo òkun. Awakọ̀ wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Trinidad

Tó bá jẹ́ ìlú kan ṣoṣo lẹ máa rí ní Kúbà, ẹ wá síbí. Ilé alájàkan, òrùlé amọ̀ pupa, irin kànǹkàn lójú fèrèsé, òkúta odò lójú títì tó ń dá ẹsẹ̀ lóró.

Humboldt wọlé ní àárín Oṣù Kẹta 1801, alẹ́ díẹ̀ ló sùn. Ilé Antonio Padrón ni wọ́n fi wọ̀ sí, ní gbàgede àárín ìlú. Wọ́n ti sọ ibẹ̀ di mùsíọ́ọ̀mù, Guamuhaya, ère orí Humboldt sì wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú dá a lárayá. Nígbà tí wọ́n ń sìn ín padà sí èbúté nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àtijọ́ kan, àlùfáà kan tó wọ fẹ́ẹ̀fẹ́ẹ̀tì láti òkè délẹ̀ nínú ooru yìí ké ewì fún un nípa ìrìn rẹ̀ ní Orinoco. Èmi ń làágùn nínú síngílẹ́ẹ̀tì.

Lálẹ́, iná lọ. Ìlú dúdú ṣú, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pariwo. Ó ti mọ́ wọn lára bíi tiwa nílé. Onílé gbé àga síta, a bá a jókòó, mo sì fi iná fóònù ka ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà.

Ní ojú ọ̀nà èbúté Trinidad, Humboldt rí cocuyo, kòkòrò tó ń tàn lóru bíi tanátaná ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ. Ó bo koríko, ó bo ẹ̀ka igi. Ó ní nínú ilé àwọn tálákà, wọ́n máa ń kó bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú kèrègbè tí wọ́n dá lu, ìyẹn ni àtùpà wọn. Tí iná bá ń rọ̀, wọ́n á mi kèrègbè náà, àwọn kòkòrò á tún tàn. Obìnrin kan sọ fún un pé nígbà tí òun ń rékọjá òkun bọ̀, tí ọ̀nà gùn tó sì le, ìmọ́lẹ̀ cocuyo lòun fi ń fọ́mọ lọ́mú lóru. Ọ̀gá ọkọ̀ kò gbà kí wọ́n tan iná mìíràn, ó ń bẹ̀rù àwọn ajalèlókun.

Onílé wa, ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta, ní òótọ́ ni. Ìgo ni àwọn fi ń kó wọn ní kékeré, ìyá àwọn á sì ní kí àwọn tú wọn sílẹ̀ kí àwọn tó sùn.

Humboldt kò kọ orúkọ obìnrin náà. Kò sọ bóyá dúdú ni tàbí funfun. Síbẹ̀, òun nìkan ni mo rí nínú ìrìn Kúbà rẹ̀ tó bá a sọ̀rọ̀ nípa ayé ara rẹ̀, tí kì í ṣe olóko, tí kì í ṣe àlùfáà, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọba. Kèrègbè yẹn wú mi lórí ju gbogbo ìṣirò rẹ̀ lọ. Ẹni tó lè rí i pé wọ́n ń mi kèrègbè kí iná lè padà, ó yẹ kó lè béèrè orúkọ ẹni tó ń mi ín.

Ọjọ́ Àìkú, Manaca Iznaga

Àfonífojì ìrèké ni, lẹ́yìn Trinidad. Ó lé ní àádọ́ta ilé ìfún-ìrèké tó wà níbí nígbà tí owó ń bẹ níbẹ̀. Ilé gogoro kan ló kù tó hàn jù, ìdílé Iznaga kọ́ ọ ní 1816, gíga rẹ̀ tó mítà 45. Agogo ló wà lókè rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń pe ẹrú lọ sóko, òun ni wọ́n fi ń pè wọ́n bọ̀. Láti ibẹ̀, alábòójútó á máa wo gbogbo oko. A gùn ún. Àtẹ̀gùn igi ni, ó ń dún lẹ́sẹ̀. Lókè, ènìyàn lè rí ọkùnrin kan tó ń da ewúrẹ́ ní ọ̀nà jíjìn réré, ó lè ka ewúrẹ́ náà pàápàá.

Abẹ́ ilé gogoro náà, níbi tí àwọn obìnrin ń ta aṣọ tábìlì funfun, ni èmi àti àbúrò mi ti parí iyàn wa. Ó ní ọdún 1801 ni Humboldt kúrò níbí, ọdún 1826 ló tó tẹ ìwé jáde, kí ló ń dúró dè? Mo ní ìwé àṣẹ ọba Sípéènì ló fi rìn, àwọn olóko ló sì fún un ní ìṣirò. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Òótọ́ ni, kì í ṣe ìdáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, ó dun àwọn tó yẹ kó dùn: ìgbìmọ̀ ìlú Havana fòfin dè é ní 1827.

Mo wá sọ ti Thrasher fún un. John Thrasher, oníwèé ìròyìn ọmọ Amẹ́ríkà tó ti gbé ní Havana, tó fẹ́ kí Amẹ́ríkà gba Kúbà mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹrú inú rẹ̀. Ní 1856 ó tẹ ìwé Humboldt jáde ní New York lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣirò ṣúgà wà níbẹ̀, ti kọfí wà níbẹ̀, ojú ọjọ́ wà níbẹ̀. Orí tó wà fún ẹrú, ó yọ ọ́ dànù.

Humboldt ti di ẹni ọdún 86. Ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn ní Berlin, ó fi ìbínú sọ pé orí tí wọ́n yọ yẹn ṣe pàtàkì lójú òun ju gbogbo ìwọ̀n ìràwọ̀ àti gbogbo ìṣirò tó kù nínú ìwé náà lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ló wà nídìí òfin Prussia, ìjọba tí Berlin wà lábẹ́ rẹ̀, tó sọ pé ẹrúkẹ́rú tó bá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn ti di òmìnira.

“Kí ni Amẹ́ríkà wá ṣe?” àbúrò mi béèrè.

Ọdún ìdìbò ni 1856. Àwọn tó ń ta ko ẹrú gbé lẹ́tà bàbá náà káàkiri láti fi ṣe ìpolongo fún Frémont, ẹni tó ń du ipò ààrẹ. Frémont fìdí rẹmi. Buchanan ló wọlé, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ti fọwọ́ sí ìwé ní Ostend, ní Belgium, ní 1854 pé kí Amẹ́ríkà ra Kúbà, tí Sípéènì bá sì kọ̀, kí wọ́n fipá gbà á.